Àpò gàrí, Kápítéènì Pullen àti Ìyá Pẹlẹ́wúrà: bí Èkó ṣe ṣọ́ owó oúnjẹ ná nígbà ogun Hitler

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́ ibí. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá ti ní ìyàwó tàbí ọkọ nílé, tó o bá ti ń ra Pampers, má ṣe kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rán ọkọ mi lọ sí ọjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fún un lówó gàrí, ẹ̀wà, epo, ata àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ó lọ tán, ó padà dé pẹ̀lú ọ̀rá méjì àti ojú tó pọ́n bí ata rodo. Ó ní owó ti tán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́po.

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó wá sọ gbólóhùn tí gbogbo ọkùnrin tó bá lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan péré máa ń sọ: "Ìjọba ni ò ṣiṣẹ́ ẹ̀. Kí wọ́n kàn fòfin dá iye lé gàrí, kí wọ́n mú ìyá olọ́jà tó bá tà jù ú lọ. Ó tán!"

Màmá àgbà mi ló dá a lóhùn. Ìyá tó bí ìyá mi ni o, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà. Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, wọ́n ti dá iye lé e rí. Ẹ̀yìn mi ni ìyá mi pọ̀n mí sí nígbà náà. Gàrí ọ̀hún bá wọlẹ̀ lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí, Ìsàlẹ̀ Gángan níbí tí à ń gbé yìí ló ti ṣẹlẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀rẹ̀kọ́, Ẹbúté Èrò, gbogbo ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá tí ẹ bá ń lọ ra nǹkan ní Ìdúmọ̀tà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1939. Hitler gbógun wọ Poland, Gẹ̀ẹ́sì gbógun ko Hitler, àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba lé lórí náà sì bá ara wa lójú ogun láìjẹ́ pé ẹnì kankan bi wá. Àwọn ọmọ wa wọ ológun. Ṣùgbọ́n ogun tí ìyàwó ilé ní Èkó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ti ìbọn. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ọjà wá láti òkè òkun dín kù, torí pé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń rì wọ́n. Iyọ̀ wọ́n. Ṣúgà wọ́n. Aṣọ wọ́n. Ẹ rántí pé iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ nígbà náà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹ tiẹ̀ gbìyànjú kí ẹ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan láìsí iyọ̀, kí ẹ wá padà sọ fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn wá ń ya wọ Èkó. Àwọn ológun ń bọ̀, àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní èbúté àti ní rélùwéè ń bọ̀. Ẹnu pọ̀ sí i, oúnjẹ ò pọ̀ sí i. Nígbà tó sì di 1942 tí Japan gba ilẹ̀ Malaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, rọ́bà àti epo tí Gẹ̀ẹ́sì ń rí kó níbẹ̀ dáwọ́ dúró. Ni wọ́n bá kọjú sí wa: ẹ kọ rọ́bà wá, ẹ pa èkùrọ́ wá, ogun ò dúró de ẹnì kankan. Àgbẹ̀ tó yẹ kó wà nídìí ẹ̀gẹ́ wá ń pa èkùrọ́.

Èkó ò sì fìgbà kankan gbin oúnjẹ ara rẹ̀. Ìlú tí omi yí ká ni. Gàrí ń ti Ìjẹ̀bú wá, ó ń ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé e gba orí ọ̀sà wá sí Ẹbúté Èrò, lọ́rì ń gbé e, rélùwéè ń já a sí Ìddó. Gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án lójú ọ̀nà ló máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ ni wàhálà Kápítéènì Pullen ti máa bẹ̀rẹ̀.

Owó oṣù ń kọ́? Ó dúró sójú kan. Akọ̀wé àti lébìrà ń gba iye tí wọ́n ń gbà kógun tó dé, gàrí sì ń gun òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ pariwo títí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní ìgbìmọ̀ Bridges láti wo bí owó oúnjẹ ṣe ga tó. Ní 1942, ìjọba fi owó díẹ̀ kún owó oṣù. Wọ́n pe owó náà ní COLA. Rárá o, kì í ṣe mínírà. Owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà ni.

Àmọ́ ìjọba ti ronú pé ọ̀nà kan wà tó rọrùn ju fífi owó kún owó lọ. Dípò kí owó oṣù ga, ẹ jẹ́ kí owó gàrí wálẹ̀.

Báyìí ni Kápítéènì A. P. Pullen ṣe wọlé. Òyìnbó ni, wọ́n sì gbé e lé orí ètò oúnjẹ Èkó láti 1941. Ètò náà rọrùn lórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ètò ọkọ mi ṣe rọrùn. Ìjọba yóò kọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta oúnjẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá tà jù ú lọ, kóòtù. Ìjọba fúnra rẹ̀ yóò máa ra gàrí ní Ìjẹ̀bú, yóò kó o wá sí Èkó, yóò sì máa tà á láwọn ibi tó yàn fún títà. Olọ́jà tó bá fẹ́ lọ kó gàrí wá láyè ara rẹ̀, wọ́n lè dá a dúró lójú ọ̀nà.

Mo mọ̀ ohun tí ẹ ń rò. Èmi náà rò ó. Mo ní, àbí kí ló burú níbẹ̀? Èmi ni mò ń ra nǹkan, èmi kọ́ ni mò ń tà. Tí ìjọba bá ní kóngò gàrí ò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ lóla, inú mi máa dùn débi pé màá jó.

Màá jó títí máa fi dé ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó òní ṣe ìṣirò, kó lè yé wa. Ẹ gbà pé ìyá olọ́jà ra kóngò gàrí ní ₦900 lọ́wọ́ àwọn tó ń dín in ní abúlé. Lọ́rì gba ₦100 lórí rẹ̀. Alábàárù gba ₦20. Kò tíì jẹun, kò tíì san owó ìsọ̀, ó ti di ₦1,020. Ìjọba wá ní kó tà á ní ₦850. Kí ni ìwọ máa ṣe tó bá jẹ́ ìwọ ni? Wàá fi ₦170 tọrẹ lórí kóngò kọ̀ọ̀kan? Fún ta ni? Títí dìgbà wo?

Ohun tí àwọn obìnrin Èkó sọ fún Pullen gan-an nìyẹn. Wọ́n ní iye tí ẹ kọ sílẹ̀ kéré sí iye tí àwa fúnra wa fi rà á. Ẹ lọ dá iye lé e ní oko kí ẹ tó wá dá a lé e lórí àtẹ.

Ìjọba ò gbọ́. Gàrí wá ṣe ohun tí gàrí máa ń ṣe. Ó kúrò lórí àtẹ, ó wọ inú yàrá. Ọ̀sán, kò sí gàrí. Alẹ́, tó o bá mọ ẹni tí wàá kàn sí, gàrí wà. Iye rẹ̀ sì ti ju iye tí ìjọba ń pariwo lé lórí lọ, torí pé ẹni tó ń tà á ti fi owó ìtanràn tí wọ́n lè ní kó san kún un.

Ọ̀nà kejì ni gàrí ìjọba. Ó dínwó, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni mo ti rí ara mi nínú ìtàn náà.

Ìyá màmá mi àgbà, ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà náà. Ọkọ wọn ń ṣe lébìrà. Wọ́n ń din àkàrà láàárọ̀ lójú pópó. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n tíì bí, òun náà ló wà lẹ́yìn wọn, òun ló sì di màmá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà mi lónìí. Màmá ní ìyá àwọn sọ fún àwọn pé tí wọ́n bá fẹ́ ra gàrí olówó kékeré yẹn, wọ́n ní láti jí kí àkùkọ tó kọ. Wọ́n máa tò. Òòrùn máa là. Ọmọ máa sunkún. Nígbà míì, ó máa kan èèyàn mẹ́wàá kó tó kàn wọ́n, wọ́n á ní gàrí ti tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ tò, wọn ò din àkàrà.

Màmá ní ìyá wọn jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi òkúta kékeré ṣírò lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí jẹ lórí gàrí ìjọba kò tó èrè àkàrà ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tò mọ́. Wọ́n bá ìyá olọ́jà kan ṣe àdéhùn: wọ́n á máa fi àkàrà gbígbóná ṣe ọ̀fẹ́ fún un láàárọ̀, òun náà á máa bá wọn fi gàrí díẹ̀ pamọ́ lálẹ́, ní iye tó bójú mu.

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ lù mí. Torí mo rò ìgbà mélòó tí mo ti wọ bọ́ọ̀sì ₦600 lọ, ₦600 bọ̀, torí pé mo gbọ́ pé tòmátò dínwó ₦500 ní ọjà kan lókè ibẹ̀ yẹn. Mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó mọ owó ná.

Ìlà fún oúnjẹ olówó kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà. Ní oṣù Kejì 2024, nígbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ta ìrẹsì ẹ̀dínwó ní Yábàá, èrò pọ̀ débi pé wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Èèyàn kú níbẹ̀. Ìrẹsì 25kg, ₦10,000. Àwọn tó tò síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe ojúkòkòrò. Wọ́n ní ọmọ nílé ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ẹ̀rẹ̀kọ́.

Àwọn obìnrin ọjà yìí ní olórí. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà lorúkọ rẹ̀. Ẹja ló ń tà. Ọmọ Èkó ni, Mùsùlùmí ni, kò ka ìwé òyìnbó. Kí Pullen tó mọ ọ̀nà tó lọ sí Ẹbúté Èrò, Pẹlẹ́wúrà ti jẹ́ olórí ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì ń darí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó. Herbert Macaulay, ẹni tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ọ̀rẹ́ wọn ni. Ìgbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ́ lọ sí Olúwọlé láàárín ọdún 1930 sí 1940, Pẹlẹ́wúrà kọ̀, wọ́n tì í mọ́lé. Àwọn obìnrin tú síta títí wọ́n fi tú u sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1940, ìjọba tún gbé òfin owó orí jáde: obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Àwọn obìnrin ti ọjà wọn pa. Wọ́n kó ara wọn jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n kọrí sí ọ́fíìsì Kọmíṣánnà ní ọjọ́ 16 oṣù náà, wọ́n gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Macaulay. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba fi gbé ìlà náà láti £50 lọ sí £200. Ní Èkó ìgbà náà, obìnrin mélòó ló ń rí £200 lọ́dún? Ìyẹn ni pé wọ́n fọ́n òfin náà dànù láì sọ pé àwọn fọ́n ọn dànù.

Irú obìnrin tí Pullen wá bá nìyẹn. Ṣé ẹ wá rí i báyìí?

Pullen náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé tí Pẹlẹ́wúrà bá sọ pé ẹ tà á, wọ́n máa tà á. Wọ́n bá fi owó lọ̀ ọ́: £100 lóṣù, kó bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí ètò náà. Ẹ ṣírò rẹ̀. £100 lóṣù, £1,200 lọ́dún nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́rìnlélógún £50 tí wọ́n fi ń wọn obìnrin tó lówó ní ọdún 1940. Ẹlẹ́ja ni wọ́n fi lọ̀ o.

Ó kọ̀ ọ́. Ó ní kò sí iye tí wọ́n lè fún òun tí òun máa fi bá wọn fi ebi pa ìlú tí wọ́n bí òun sí.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn tó ìgbà mẹ́ta. Mo bi ara mi pé ṣé èmi máa kọ̀ ọ́, pẹ̀lú owó ilé tó fẹ́ pé yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan kà èyí kó rò pé áńgẹ́lì ni gbogbo olọ́jà. Rárá o. Àwọn kan kó gàrí pamọ́ kó lè wọ́n sí i. Àwọn kan fi ogun là. Ìyàwó lébìrà tó ń ra gàrí lóru ní iye gọbọi, tó o bá sọ fún un pé ìyá olọ́jà ń jà fún ìlú, ó lè fún ẹ lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Màmá mi àgbà gan-an ní ìyá àwọn máa ń ṣépè fún olọ́jà kan tó máa ń tẹ ìka bọ inú agolo tó bá ń wọn gàrí, kí gàrí má bàa kún un.

Ọ̀rọ̀ agolo yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìjọba lè dá iye lé agolo kan, ṣùgbọ́n ta ni ó dá agolo? Títí dòní, agolo tòmátò De Rica ni a fi ń wọn ìrẹsì, òun ni a pè ní dẹ̀ríkà, ọ̀pọ̀ wa ò sì tiẹ̀ rántí pé orúkọ tòmátò ni. Kóngò ńkọ́? Ẹ yí i dojú dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Iye kò yí padà, gàrí ló dín kù. Ilé iṣẹ́ ńláńlá náà ń ṣe é: ọ̀rá mílíìkì ti àná àti ti òní, orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé ọwọ́ yín kí ẹ wo bó ṣe fúyẹ́.

Gàrí ò sí, owó oṣù ò kúrò lójú kan. Ní oṣù Kẹfà 1945, ó bú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, rélùwéè, pọ́ọ̀sì, èbúté, ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń bèèrè pé kí owó COLA fi ìdajì pọ̀ sí i, kí lébìrà máa gba ó kéré tán ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lóòjọ́. (Kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà ni o, ti pọ́n-ùn, kì í ṣe ti náírà.) Michael Imoudu tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó tí wọ́n há mọ́ ibòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Ìjọba ti ìwé ìròyìn Azikiwe méjì pa, West African Pilot àti Daily Comet. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní oṣù kan kó tó parí. Nígbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ Tudor Davies wá, wọ́n wádìí, wọ́n sì ní kí ìjọba fi ìdajì kún COLA lóòótọ́.

Ohun tí ìwé ìtàn máa ń yára kọjá níbẹ̀ ni mo fẹ́ bi yín. Oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí owó oṣù. Kí ni wọ́n jẹ?

Àwọn obìnrin ọjà wà lẹ́yìn wọn. Àwọn obìnrin kan náà tí ìjọba ń pè ní ọ̀tá oníbàárà. Wọ́n dáwó sí àpò ìrànwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, Pẹlẹ́wúrà wà nínú àwọn tó dáwó. Màmá ní ìyá àwọn jẹ àwìn gàrí ní gbogbo ìgbà yẹn, lọ́wọ́ ìyá tó ń jẹ àkàrà ọ̀fẹ́. Kò sí ìlà ìjọba kankan tó ń ta àwìn.

Ètò Pullen wọlẹ̀ lẹ́yìn ogun. Pẹlẹ́wúrà kú ní 1951. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀.

Mo ti dárúkọ àwìn, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba èsúsú, torí pé òun ni òpó kejì tó gbé ilé dúró. Èsúsú kì í ṣe ohun tí báńkì kọ́ wa. Ìwé tí Àjàyí Crowther kọ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1843 ti ní in nínú. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: olúkúlùkù dá iye kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, ó sì ń yípo títí ó fi kan gbogbo wọn. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun. Ní Trinidad títí dòní, sùsú ni wọ́n ń pè é.

Àjọ yàtọ̀ sí i díẹ̀. Alájọ ń wá sọ́dọ̀ rẹ lójoojúmọ́, ó ń fàmì sí káàdì, níparí oṣù ó kó owó rẹ fún ọ, ó yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀. Tó o bá ń dá ₦1,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦29,000 ni wàá gbà. Ẹ ò rí i pé o sanwó kí wọ́n lè bá ẹ tọ́jú owó ara rẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé ₦1,000 yẹn kéré sí owó súyà.

Kí n má purọ́ fún yín, àjọ ti jó mi lọ́wọ́ rí. Alájọ kan tí mi ò ní dárúkọ bá owó oṣù mẹ́rin mi sálọ nígbà tí oyún mi wà ní oṣù keje. Owó ìbímọ ni. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Láti ìgbà náà, èsúsú ẹni mẹ́fà péré ni mò ń ṣe, gbogbo wa mọ ilé ara wa, a mọ ìyá ara wa. Kò sẹ́ni tó ń di owó mú ju wákàtí kan lọ.

Ṣé ìjọba ò tún dá iye lé ọjà mọ́ lẹ́yìn Pullen? Ah! Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín nípa 1984, ayé Buhari àti Idiagbon, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nípa "ẹsẹ́ńkò". Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, òróró. Sójà ń fipá mú olọ́jà ta ọjà wálẹ̀. Ìlà tún padà dé. Ìyá mi ní àwọn ò mọ ohun tí wọ́n ń tà níwájú ìlà kan kí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣáà jẹ́ ìlà.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé Oúnjẹ Èkó jáde ní oṣù Kẹta 2024, ẹ̀dínwó 25% láwọn ọjà kan ní ọjọ́ Àìkú. Èyí yàtọ̀ sí ti Pullen, torí wọn ò fi kóòtù dẹ́rù ba ìyá olọ́jà kó tà á ní òfò. Èmi ò bú ẹni tó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ ṣe ìṣirò òkúta yẹn: owó ọkọ̀, àkókò, ọmọ lẹ́yìn, iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀.

Nílé tiwa, ohun tí a padà ṣe lẹ́yìn àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn rèé. Ìdílé mẹ́rin ni wá nínú ọgbà yìí, gbogbo wa ló sì ń ra dẹ̀ríkà-dẹ̀ríkà. A ṣe ìṣirò pé ẹni tó ń ra ìrẹsì ní dẹ̀ríkà ń san owó àpò kan àti lé, kó tó pé àpò kan. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáwó, a rán ẹni méjì lọ sí Òkè-Àrin lọ gbé odindi àpò àti jálá epo kan. Ọkọ̀ kan, owó alábàárù kan. A kó o délé, a pín in lójú gbogbo wa. Gàrí, ọ̀dọ̀ ìyá kan ṣoṣo ni mo ti ń rà á báyìí. Mi ò yọjú sí ẹlòmíì kódà tó bá fi ₦50 dínwó, torí mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí owó ò ní sí lọ́wọ́ mi, tí ọmọ á sì jẹ ẹ̀bà.

Ẹ má bi mí bóyá mo ti ń fún un ní àkàrà ọ̀fẹ́. Mi ò mọ àkàrà dín. Mo bá a ṣe fídíò kékeré kan nípa gàrí rẹ̀, mo gbé e síta, oníbàárà tuntun mẹ́ta ló ti bá a. Láti ìgbà yẹn, ó máa ń kún kóngò mi, á tún fi ọwọ́ bu èènì lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la pín ìrẹsì àkọ́kọ́. Ọkọ mi ló di dẹ̀ríkà mú. Ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé, màmá àgbà sì jókòó tì í lórí àpótí. Ó wọn ti ìdílé kẹta tán, màmá bá na ọwọ́ gba dẹ̀ríkà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yí i dojú dé, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n fi ìka kàn án yípo, wọ́n dá a padà fún un.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa wọ̀n ọ́n lọ."